Orí Yéye ní Mògún

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní ọjọ́ kan náà, ní Emùré-Èkìtì, wọ́n dá ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan dúró, wọ́n sì kó àwọn ọmọdé inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà tí ó wà pẹ̀lú wọn wọ igbó lọ. Ó ṣòro láti rí ọmọ Yorùbá kan tí inú rẹ̀ kò ru nígbà tí ó gbọ́. Èmi náà gbọ́, ara mi sì bù máṣọ. Kí omijé tó gbẹ lójú ẹnikẹ́ni, ohùn kan ti gba ìlú: kí a pa wọ́n, kí ìjọba má wulẹ̀ fi oúnjẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣòfò lórí irú wọn, kí a so wọ́n mọ́ igi ní gbangba, kí a sì yìnbọn fún wọn níṣojú gbogbo ayé, bí wọ́n ti ń ṣe ní Bar Beach láyé àwọn ológun. Ohùn ìbínú ni, n kò sì bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jà. Àwọn tí mo bá wá ni àwọn tí ó fi àṣà gbe ohùn náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn baba wa ti ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní òyìnbó àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn ni ó sọ wá di ẹni tí ń kẹ́ apànìyàn.

Àṣà tí wọ́n pè lẹ́rìí yìí kò gbè wọ́n. Ẹ̀rí tí mo ní wà lẹ́nu gbogbo wa láti ìgbà èwe: Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mògún ni ojúbọ Ògún, níbi tí a ti ń bẹ́ orí ọ̀daràn. Àwọn tí ó pa òwe yìí kì í ṣe àlejò láàárín wa. Wọn kì í ṣe ajíhìnrere, wọn kò sì ka ìwé òyìnbó kankan. Ará ìlú ni wọ́n, tí ń gba ẹ̀gbẹ́ Mògún kọjá lọ sóko, tí ó mọ orúkọ àwọn tí orí wọn wà níbẹ̀, tí ó sì mọ ẹjọ́ tí a rò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá dá ẹjọ́ ti adájọ́ fúnra rẹ̀. Wọn kò sọ pé aláìṣẹ̀ kan ṣèèṣì bọ́ sí àárín àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀; wọ́n ní àwọn aláìṣẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àṣà Yorùbá ti ìdájọ́ ikú lẹ́yìn, òwe yìí ni kí ó kọ́kọ́ dá lóhùn kí ó tó máa pe baba ńlá rẹ̀ lẹ́rìí.

N kò ní purọ́ mọ́ àwọn baba wa. Wọ́n pa ènìyàn. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Tẹ̀tú wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bẹ́ orí ẹni tí Aláàfin bá ní kí wọ́n bẹ́. Samuel Johnson sọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tí Orò bá gbé lóru, ilé kì í rí i mọ́. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti àwọn ẹrú tí ó ní kí a bẹ́ lórí. Wọ́n sì ta ènìyàn sóko ẹrú nítorí gbèsè àti nítorí ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá fẹ́ padà sí èyí, kí a padà sí gbogbo rẹ̀, kí àwọn alágbàwí àṣà sì kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tí yóò jẹ́ ẹrú nínú wa. Ohun tí mo rí ni pé idà nìkan ni wọ́n mú nínú ẹrù àwọn baba wa. Wọn kò mú ìgbìmọ̀ àgbà tí ń jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán lórí ẹjọ́ kan ṣoṣo. Wọn kò mú ìtanràn, wọn kò mú ètùtù, wọn kò mú ìdọ̀bálẹ̀ mọ̀lẹ́bí ẹlẹ́ṣẹ̀ níwájú mọ̀lẹ́bí ẹni tí a ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyí ni ó gba ọjọ́ tí ó pọ̀ jù nínú ọdún àwọn baba wa. Ọjọ́ Tẹ̀tú kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ tẹ́tí sí èdè náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀san wà nínú Yorùbá, ìyà wà, ìbáwí sì wà. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá. Ẹ̀san ni sísan ohun tí ènìyàn ṣe padà fún un, ìbá à ṣe rere tàbí ibi. A gbà pé ó ń bẹ. Ẹ̀san ò gbóògùn ni à ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ ó rí i pé ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni wọ́n máa ń fi í sí, wọn kì í sábà rán baálé níṣẹ́ pé kí ó lọ gbé e wá. Èyí tí a fi lé baálé àti ọba lọ́wọ́ ni ìbáwí. Ẹ sì wo bí a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: bá, wí. Ẹnìkan ń bá ẹnìkan wí. Ó gba ẹni méjì, ó sì gba pé kí ẹni tí a ń bá wí ṣì ní etí. Kò sí ẹni tí ó lè bá òkú wí. Òwe tí ó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo bọ̀wọ̀ fún rẹ́rìn-ín nígbà tí mo pa á létí rẹ̀. Ó ní ọmọ ni òwe ń wí, kì í ṣe ajínigbé tí ó pa ọba. Òótọ́ ni. Èmi kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fa ajínigbé mọ́ra lónìí tàbí lọ́la. Mo ní kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìlú, bí ó bá gba gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó bá gé ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ sọnù kò lè sọ pé ìbáwí ni òun ń ṣe mọ́. Kí ó kúkú pè é ní ẹ̀san, kí a sì bi í léèrè ẹni tí ó fi í jẹ Ẹlẹ́dàá.

Níbo wá ni igi tí à ń yẹ̀ yìí ti wá? Okùn ìyẹgi bá òfin ìjọba òyìnbó wá. Òfin ìwà ọ̀daràn ọdún 1916 ni ó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ yìí. Òpó ìyìnbọn ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ òfin ológun kẹtàdínláàádọ́ta ti ọdún 1970, èyí tí ìjọba Gowon ṣe lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí ìbọn kún ìgboro tí àwọn adigunjalè sì ń da ìlú láàmú. Ẹni tí ó bá wá ń pe òpó Bar Beach ní ìṣe àbáláyé ń fi aṣọ ológun ṣe agbádá fún baba rẹ̀ ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ ní Bar Beach, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti dán ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani wò dáadáa. Ní 1971 ni ìbọn kọ́kọ́ dún níbẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n so Iṣọla Oyenusi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ mọ́ òpó níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Wọ́n ròyìn pé ẹ̀rín ni ọkùnrin náà ń rín títí dé ìdí òpó. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ wo eré. Orúkọ eré náà ni wọ́n sì fún un, Bar Beach Show. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé ẹni tí ó bá wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní fọwọ́ kan ìbọn láé. Ọmọdé ni Lawrence Anini nígbà náà. Ní 1986 ó sọ ìlú Benin di ibi tí àwọn ọlọ́pàá pàápàá ti ń sá kúrò lójú pópó nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1987 ni wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n sì yìnbọn pa George Iyamu pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Iyamu. Òun ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani ronú lé lórí. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí òfin ń ṣe fún adigunjalè tó o, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó mọ òpó, ó mọ okùn, ó mọ iye ìbọn. Ìmọ̀ náà kò dí i lọ́wọ́ láti di alábàáṣe olè.

Ohun tí ọ̀daràn ń wò kì í ṣe bí ìyà ti pọ̀ tó. Ó ń wò ó bóyá ọwọ́ yóò tẹ òun. Nílẹ̀ wa, ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ má tẹ òun rárá, tàbí bí ó bá tẹ òun, kí owó tú òun sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé-ẹjọ́. Ẹ wá fi èyí kún un. Bí òfin bá ti ní ikú ni èrè ẹni tí ó fi ìbọn jalè, yálà ó pààyàn tàbí kò pa, kí ni ó kù tí òfin yóò fi dá adigunjalè dúró nígbà tí ó bá ku òun àti onílé tí ó ti rí ojú rẹ̀? Ikú ni ó ń dúró dè é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀mí ẹlẹ́rìí náà kò fi nǹkan kan kún ìyà rẹ̀. A fi òfin sọ fún un pé kí ó pa wá.

Mo padà sí Mògún. Nasiru Bello ni orúkọ ọkùnrin kan tí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dájọ́ ikú fún lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí òfin ti gbà á láyè. Ẹjọ́ náà wà nílẹ̀, a kò tíì gbọ́ ọ, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà pa á. Kì í ṣe ìjọba ológun o; ìjọba alágbádá ni, tí ó ní kọmíṣánnà ètò ìdájọ́, tí ó ní fáìlì, tí ó ní akọ̀wé. Ìwé kan ni kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé lásìkò. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ sáyé bá ìjọba ṣẹjọ́ títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé-ẹjọ́ náà sì dájọ́ ní 1986 pé ìjọba rú òfin, kí ó sanwó fún wọn. Bóyá ó jalè ni, bóyá kò jalè ni, a kò ní mọ̀ títí ayé, nítorí pé ẹni tí à bá bi ti wà nínú ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1985, ìjọba Buhari yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta nítorí oògùn olóró. Òfin ológun ọdún 1984 ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì fa òfin náà sẹ́yìn kí ó lè mú ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó kọ ọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìjọba tí ó tẹ̀ lé e yọ ikú kúrò nínú òfin oògùn olóró. Ọdún kan péré! Ká ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n dá fún wọn, wọn ìbá ti padà sílé tipẹ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí i pé kí ikú padà sínú òfin kan náà. Ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó wà láyé ní 1985 nínú wọn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ará Ògóni mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àkànṣe ni ó dá wọn lẹ́bi, kò sì sí àyè ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Tinubu kéde ìdáríjì fún àwọn mẹ́sàn-án. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láàárín okùn àti ìdáríjì. Igbákejì Abacha nínú ìjọba tí ó yẹgi fún wọn ni Ọ̀gágun Oladipo Diya, ọmọ Odògbolú. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ìjọba kan náà fi mú òun pẹ̀lú, tí ìgbìmọ̀ ológun sì dájọ́ ikú fún un ní oṣù kẹrin ọdún 1998 lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba. Abacha kú ní oṣù kẹfà. Wọ́n yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1999. Ọdún 2023 ni ó tó kú. N kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Inú mi dùn pé ó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan sọ fún mi ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mẹ́sàn-án, bí kò ṣe pé ikú mú ẹlòmíràn kí okùn tó dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Wọn yóò ní ayé ológun nìyẹn, ó ti kọjá. Ó dára. Ta ni ń kó ẹ̀rí jọ fún ilé-ẹjọ́ lónìí? Ọlọ́pàá ni. Ìwé tí ẹni tí a mú fọwọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí ó ti jẹ́wọ́, ni gbogbo ẹjọ́ máa ń gbára lé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọmọ wa kún ojú títì ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, wọ́n ń pariwo pé ẹ̀ka SARS ń fi ìyà jẹ ènìyàn títí yóò fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Àwa àgbà gbà wọ́n gbọ́. Ìjọba pàápàá gbà, ó tú ẹ̀ka náà ká. Báwo ni ẹnu kan náà yóò ṣe máa ní kí a pa ènìyàn lórí ìwé tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọ? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń dúró de okùn ni kò lówó agbẹjọ́rò tí ó lè tú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní.

Mo ti gbọ́ ìdáhùn kan tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti àṣà lọ. Wọ́n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ń jò. Ó ń jò lóòótọ́. Ní oṣù keje ọdún 2022 àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kùjẹ́ nítòsí Àbújá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá ń jò, kí ó pe káfíńtà.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àwọn tí a pa ènìyàn wọn. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọjá lórí wọn. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: kí ni ìjọba fún opó nígbà tí ó bá yẹgi fún ẹni tí ó pa ọkọ rẹ̀? Ẹlẹ́rìí lásán ni opó náà nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Wọ́n pè é wá, wọ́n bi í ní ìbéèrè, wọ́n ní kí ó máa lọ. Orúkọ ìjọba ni ó wà lórí ẹjọ́. Kò sí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ fún un, kò sí ẹni tí ó san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àṣà àwọn baba wa ní nǹkan láti kọ́ wa, ibẹ̀ sì ni àwọn alágbàwí àṣà kì í wò. Apànìyàn tí ó wà láàyè lẹ́yìn irin lè ṣiṣẹ́, kí owó iṣẹ́ náà máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó sọ di aláìní baba. Ó lè sọ ibi tí ó sin òkú sí. Ó lè dárúkọ ẹni tí ó fún un ní ìbọn àti ẹni tí ó bá a pín owó ìtúsílẹ̀. Nígbà tí a bá fi okùn dí i lẹ́nu, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ó sinmi.

Ẹ wo ààlà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ìmẹ̀kọ wà ní ìhà tiwa, Kétu wà ní ilẹ̀ olómìnira Benin. Baba kan náà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà, àwọn tí ó sì ń fẹ́ra wọn ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ tí ó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ikú mọ́. Ní 2018 ìjọba wọn yí ìdájọ́ àwọn mẹ́rìnlá tí ó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Togo ti pa á rẹ́ láti 2009. Ṣé ará Kétu kì í ṣe Yorùbá mọ́ láti ọjọ́ náà? Ṣé egúngún Kétu kọ̀ láti jáde ni? Bí ìdájọ́ ikú bá jẹ́ iṣan ara àṣà wa bí wọ́n ti ń wí, a jẹ́ pé a ti gé e lára Yorùbá òdìkejì, ara wọn sì le.

Kí a sì má ṣe tan ara wa pé òpó ìjọba ń gba ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ èrò ọjà. Ẹ̀kọ́ tí Bar Beach kọ́ ni pé pípa olè jẹ́ ohun tí a lè wò. Ọjà àti gáréèjì ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Táyà àti bẹntiróòlù ni òpó tiwọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin tí wọ́n pè ní olè. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá kan sì wà lára wọn.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí ni pé àwọn gómìnà wa kì í fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ikú, wọn kì í sì í fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀mí. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Benin, wọ́n yẹgi fún ẹni mẹ́rin ní 2013 àti ẹni mẹ́ta ní 2016. Àwọn tí ó kù ń dúró, wọ́n lé ní 3,000, wọ́n ń tẹ́tí sí ìró bàtà wọ́dà ní kùtùkùtù. Òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ní 2019 sọ pé bí ẹni tí a dájọ́ ikú fún bá ti parí gbogbo ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀, tí ọdún mẹ́wàá sì kọjá láìpa á, adájọ́ àgbà lè yí ìdájọ́ náà padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. A kò nílò ilé aṣòfin kankan fún èyí. Kí àwọn agbẹjọ́rò Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó àti Èkó kó orúkọ àwọn tí ọdún wọn ti pé jọ, kí wọ́n sì gbé ìwé náà lọ síwájú adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ wọn kí ọdún ìgbẹ́jọ́ tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.